Orin tó ń pe èèyàn ní màgà

Tí àgbàlagbà bá ti ní orin tàkasúfèé ló ń ba ọmọ jẹ́, ìdáhùn wa ti wà lẹ́nu: "Ẹ̀gbọ́n, orin lásán ni. Ẹ jó sí i, àbí kẹ́ ẹ pa á." Ìdáhùn yẹn dùn ún sọ, àmọ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ wo Dagrin. Nígbà tí àwo C.E.O. jáde lọ́dún 2009, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé ló jẹ́ pé tí wọ́n bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu wọn ní kíláàsì, wọ́n á san owó ìtanràn tàbí kí wọ́n jẹgba. "Vernacular" ni wọ́n ń pe èdè ìyá wọn. Lord of Ajasa ti ń fi Yorùbá rap ṣáájú, àmọ́ nígbà tí Dagrin gbé tiẹ̀ dé, Yorùbá ìgboro pọ́ńbélé tí kò bẹ ẹnikẹ́ni, àwọn ọmọ tí wọ́n ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ wọn yẹn ló há a sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó kú lóṣù Kẹrin ọdún 2010, Olamide àti Reminisce gba ọ̀nà náà lọ síwájú. Lónìí, ta ló ń tijú pé òun ń fi Yorùbá rap? Orin ló ṣe é. Tá a bá wá gba oríyìn yìí, a ò lè ní orin ò lágbára kankan lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ jìbìtì.

Bẹ́líìtì ńkọ́? Lọ́dún 2019, àwọn olólùfẹ́ Naira Marley sọ ara wọn di Marlian, ọ̀rọ̀ sì jáde pé Marlian kì í de bẹ́líìtì. Kò pẹ́ kò jìnnà, ṣòkòtò ń bọ́ sídìí kiri ìgboro. (Àwọn tó ń ta bẹ́líìtì ló ṣe mí láàánú.)

Àìde bẹ́líìtì ò pa ẹnikẹ́ni lára ṣá. Ọ̀rọ̀ màgà ló ń kọ mí lóminú.

Ó ti pẹ́ tá a ti ń jó ijó owó yìí. Yahoozee tí Olu Maintain kọ jáde lọ́dún 2007. Nígbà tó fi máa di 2008, Colin Powell, ẹni tó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà nínú ìjọba Amẹ́ríkà, ti bá a jó o lórí ìtàgé ní London. Ṣé bàbá yẹn mọ ohun tó ń jó sí? Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Olórin náà fúnra rẹ̀ ní òun ò yin jìbìtì. Ó dáa. Kelly Hansome náà gbé "Maga Don Pay" jáde, èyí ò tiẹ̀ nílò ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀.

Ẹ fetí sí irú orin bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ọmọ náà wà níbẹ̀, mọ́tò wà níbẹ̀, ọtí wà níbẹ̀, ìyá ọmọ pàápàá ń gbàdúrà. Ẹni tó ni owó gan-an nìkan ni kò sí níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì máa dárúkọ rẹ̀, màgà ni. Màgà ò lórúkọ, kò bímọ, kò sí àìsàn tó ń tọ́jú owó yẹn dè. Òmùgọ̀ ni, ó ti parí.

Mi ò gbà pé ẹnikẹ́ni gbọ́ orin tán, tó dìde lọ ra láptọ́ọ̀pù láti fi lu jìbìtì. Àìríṣẹ́ ń tì í, ọ̀rẹ́ àdúgbò ń fà á, nílé wọ́n ń bi í pé ṣé kò rí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ni. Iṣẹ́ tí orin ń ṣe ni pé lọ́jọ́ tí ẹ̀rí ọkàn bá fẹ́ gún un, orin ti bá a wá orúkọ kan tí kò ní jẹ́ kó gún un. Èèyàn kọ́ ló jà lólè, màgà ló sanwó.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má tíì máa rẹ́rìn-ín o. Lójú agbo jùjú àti fújì, tí olówó bá dìde tó ń náwó fún olórin, ta ló bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Oríkì bàbá rẹ̀ la gbọ́, orúkọ ìyàwó rẹ̀ la gbọ́. Ẹ̀yin ìyá wọn ni àwọn ọmọ yìí wà lóde àríyá yẹn, ojú wọn sì ń ríran. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé fújì ń bo orísun owó mọ́lẹ̀, tàkasúfèé sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, tí Naira Marley àti Zlatan gbé "Am I a Yahoo Boy" jáde, tí EFCC sì mú Naira Marley (ó ní òun ò jẹ̀bi ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan òun), ìbéèrè tó yẹ kó máa já èèyàn láyà di ohun tá à ń fi jó.

Àjọ NBC lè fòfin de orin lórí rédíò. Orí fóònù ńkọ́?

Màgà ọ̀hún ò sì sí ní Amẹ́ríkà nìkan mọ́. Ìyá tó ń ta aṣọ ní Gbági n'Ìbàdàn ni, tí ẹnì kan pè pé báńkì lòun, pé kó ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù rẹ̀ fún òun. Ó kà á. Owó ọjà, owó àjọ, gbogbo ẹ̀ ló bá a lọ.

Àwọn kan ti gbìyànjú. Ní 2010, Banky W, Omawumi àtàwọn mìíràn kọ "Maga No Need Pay." Ọkàn rere ni wọ́n fi ṣe é, àmọ́ ìmọ̀ràn ni, ta ló sì ń jó sí ìmọ̀ràn? Falz fi "This Is Nigeria" bú wa dáadáa lọ́dún 2018, ìyẹn ta wá lára díẹ̀. Èyí tí èmi ń wá ò tíì dé: kí ẹnì kan tó mọ ìgboro, tí ẹnu rẹ̀ mú, gba ohùn ìyá Gbági yẹn. Kó kọ ọ́ láti ìgbà tí alert àkọ́kọ́ wọlé títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó dúró ní káńtà báńkì, tí ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ ń sọ fún un pé, "Mummy, ẹ ṣáà máa mú sùúrù." Kí bíìtì rẹ̀ dùn o. A máa jó sí i.