Bí A Ṣe Lè Bá Àwọn Ayàwòrán Yunifásítì Ṣiṣẹ́

Kò sí àní-àní pé lọ́jọ́ kan a ó rán ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa lọ ṣe ìwé ìkéde fún ìpàdé, tàbí ìwé ètò fún àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, a kì í gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí ìgboro. Àwọn ayàwòrán wà nínú ọgbà, tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń san owó oṣù fún. Ayàwòrán tí mo ń wí kì í ṣe ẹni tí ń ya àwòrán láti fi ṣe ògiri lọ́ṣọ̀ọ́. Òun ni ẹni tí ń to lẹ́tà, àwòrán àti àwọ̀ sórí ìwé, kí ẹni tí ó bá rí i lè mọ ohun tí a ń wí kíákíá. Mo fẹ́ ṣe àlàyé bí a ṣe lè bá wọn ṣiṣẹ́ kí ó yọrí sí rere.

Àṣìṣe ni ó kọ́ mi ní ọgbọ́n yìí. Nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ kan ní yunifásítì, a pe àgbà ọ̀mọ̀wé kan láti wá sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ ojú omi ayé àtijọ́. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí mo tó lọ sí ọ́fíìsì àwọn ayàwòrán. Mo fi ìkánjú kọ ọ̀rọ̀ náà láìfi àmì ohùn sí i. Mo ti ya àwòrán bí mo ti fẹ́ kí ó rí. Nígbà tí wọ́n sì ní kí n wá yẹ ìwé náà wò kí a tó tẹ̀ ẹ́, n kò lọ. Ayàwòrán náà, tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá, tò ó gẹ́gẹ́ bí mo ti kọ ọ́. Nígbà tí ìwé jáde, “Ọkọ Oju Omi” ni ó wà níbẹ̀. Àwọn ènìyàn ń béèrè pé ta ni ìyàwó rẹ̀. Àgbà náà kò bínú síta, ṣùgbọ́n ojú tì mí níwájú rẹ̀. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ayàwòrán rárá, tèmi ni.

Ohun kìíní tí mo kọ́ ni pé ọ̀rọ̀ ni kí a gbé lọ fún ayàwòrán, kì í ṣe àwòrán tí a ti yà tán. Bí ẹnìkan bá gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ télọ̀, ohun tí ó tọ́ ni kí ó sọ irú òde tí ó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ, kí ó sì dúró kí a wọn òun. Kì í gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kí a sọ fún ayàwòrán pé: àwọn wo ni a ń bá sọ̀rọ̀? Kí ni a fẹ́ kí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n bá kà á tán? Ibo ni ìwé náà yóò wà: lára ògiri ni, lọ́wọ́ ènìyàn ni, tàbí nínú fóònù?

Àpẹẹrẹ rere kan wà ní ìlú Cambridge, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Ní 1952, yunifásítì tí a ń pè ní MIT gba Muriel Cooper láti máa ṣe ètò àwọn ìwé rẹ̀. Ní 1955, Jacqueline Casey wọ ọ́fíìsì kan náà, ó sì di olórí ibẹ̀ ní 1972, títí di 1989. Ìwé ìkéde fún ẹ̀kọ́, fún orin àti fún àfihàn iṣẹ́ ọnà wà nínú iṣẹ́ wọn. Ọ̀nà tí Casey ń gbà ni pé kí ọ̀rọ̀ ńlá kan tàbí àwòrán kan dá ẹni tí ń kọjá dúró. Nígbà tí ó bá dúró tán, lẹ́tà kéékèèké yóò sọ ọjọ́, àkókò àti ibi ìpàdé fún un. Bí a bá ní kí ogún ìlà tóbi bákan náà, èwo ni yóò dá ènìyàn dúró nínú wọn?

Èkejì ni pé kí ọ̀rọ̀ wa parí kí a tó gbé e lọ. Kí a yan ẹnìkan ṣoṣo tí yóò sọ ìpinnu ẹgbẹ́, nítorí bí alága bá ní kí ó pupa, tí akápò sì ní kí ó jẹ́ àwọ̀ ewé, ayàwòrán kò mọ ẹni tí òun yóò gbọ́ tirẹ̀. Iṣẹ́ àwa tí ń kọ èdè Yorùbá tún lé kan sí i. Nínú kọ̀ǹpútà, ẹ ní àyè tirẹ̀, é pẹ̀lú sì ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́, tí ó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, kò ní àyè kan ṣoṣo. A ní láti gbé àmì ohùn lé ẹ lórí. Irú lẹ́tà mìíràn kò lè ṣe èyí dáradára: yóò ti àmì sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ó fi àpótí òfìfo sí ipò rẹ̀. Nítorí náà kí a sọ fún ayàwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀ pé Yorùbá ni, kí ó lè yan lẹ́tà tí ó yẹ.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ àwòrán. Èyí tí ó dán lójú fóònù lè ṣú lórí ìwé. Fún títẹ̀, ẹyọ àwọ̀ kéékèèké 300 nínú ínṣì kan ni àwọn oníṣẹ́ sábà máa ń béèrè. Àwòrán tí ó ní 1,200 ní ìbú kò yẹ kí ó gbà ju ínṣì 4 lọ. Kí a mú ojúlówó rẹ̀ wá, kí ó má ṣe jẹ́ èyí tí ó ti kéré sí i nítorí pé a fi ránṣẹ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Ẹ̀kẹrin, kí a fún wọn ní àyè, nítorí kì í ṣe iṣẹ́ tiwa nìkan ni ó wà nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá sì pè wá láti yẹ ìwé wò, kí a lọ, kí a kà á sókè lẹ́tà dé lẹ́tà. Bí ohun kan kò bá tẹ́ wa lọ́rùn, kí a má ṣe pàṣẹ pé, “Ẹ sọ ọ́ di pupa.” Kí a wí pé, “Ojú mi kò tètè rí ọjọ́ ìpàdé.” Ayàwòrán mọ oògùn rẹ̀, àìsàn náà ni kí a sọ fún un.

Àwọn àgbà ní, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ayàwòrán ni ìránṣẹ́ tí yóò fi tọmọ jẹ́ ẹ fún wa. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó rán an kò bá sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé, kí ni kí ìránṣẹ́ náà jẹ́?