Téṣàn Rélùwéè Yaba

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, ta ni nínú yín tí kò tíì gba Yaba kọjá rí? À ń lọ sí ọjà, à ń lọ sí ibi iṣẹ́, a sì ń fo ojú irin kọjá bí ẹni ń fo gọ́tà. Irin tí à ń fò yìí ní ìtàn. Ẹ jẹ́ kí a kà á.

Ní ọdún 1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí la ọ̀nà rélùwéè láti Ìddó. Ó gba Èbúté Mẹ́ta, Yaba, Muṣin, Òṣòdì àti Agége lọ sí Abẹ́òkúta. Irin náà dé Ìbàdàn ní ìparí ọdún 1900. Ní oṣù kẹta ọdún 1901, wọ́n ṣí i fún gbogbo ènìyàn. Ó dé Òṣogbo, ó sì dé Jẹ́bà ní 1909. Kí rélùwéè tó dé, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù láti òkè wá sí Èkó. Ìrìn ọjọ́ púpọ̀ ni.

Téṣàn kékeré ni Yaba. Ìddó ni ọkọ̀ ti ń ṣí, Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n ti ń tún un ṣe. Ṣùgbọ́n téṣàn kékeré ni ó sún mọ́ ilé ẹni. Obì Agége ń bá irin yìí lọ sí ilẹ̀ Haúsá. Òṣìṣẹ́ ń bá a lọ sí ibi iṣẹ́. Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan. Ní Jàpáànì, irú téṣàn kékeré báyìí pọ̀ ní abúlé. Àní ìbú irin wọn àtijọ́ àti tiwa dọ́gba: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀.

Láti nǹkan bí ọdún 1980, ó rẹ rélùwéè wa. Ọkọ̀ dínkù. Àwọn ènìyàn wá ń pàtẹ ọjà sí ẹ̀gbẹ́ irin, àwọn mìíràn sí orí irin gan-an. Bí ọkọ̀ bá fọn fèrè, wọn a sáré kó ọjà. Bí ó bá kọjá, wọn a tún un pa. Wọ́n ní irin ti kú.

Irin kò kú o, ó sùn ni. Ó sì ti jí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, wọ́n ṣí irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n ń pè ní Red Line bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò láti Agbádó dé Oyíngbò. Téṣàn mẹ́jọ ni ó ní. Yaba wà lára wọn.

Nítorí náà, ẹ ṣọ́ra. Mọ́tò lè yà fún ènìyàn, rélùwéè kò lè yà. Ó wúwo, irin sì ń yọ̀ lórí irin. Bí awakọ̀ tilẹ̀ tẹ bíréèkì, ọkọ̀ yóò ṣì sáré jìnnà kí ó tó dúró. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2023, rélùwéè kọlu bọ́ọ̀sì tí ó kó òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ṣógúnlẹ̀. Ó kéré tán, ènìyàn mẹ́fà kú. Ẹ má ṣe pàtẹ sí ojú irin. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ ṣeré níbẹ̀. Níbi tí afárá bá wà, ẹ gba orí afárá.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ìyá kan nínú kíláàsì wa sọ fún wa pé, tẹ́lẹ̀, bí òun bá wọ ọkọ̀, òun a máa béèrè lọ́wọ́ ọmọdé pé, "Ọmọ mi, ibo la dé yìí?" Lọ́jọ́ kan ó gbójú sókè, ó rí lẹ́tà mẹ́rin lára pátákó: Y, A, B, A. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó dìde, ó sọ̀kalẹ̀.

Ẹ̀yin náà, ẹ ka pátákó.