Igbà Akọ̀pẹ àti Okùn Ẹ̀ka

Agbègbè Ìwó, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Imọ̀ ọ̀pẹ, okùn lílọ́, àáké onírin.

Akọ̀pẹ kì í gbé àkàbà lọ sóko. Igbà yìí ló máa ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, yóò yí ọ̀pẹ po, a ó sì ta á ní kókó. Bí ó bá fẹ̀yìn tì í, tó fi ẹsẹ̀ tẹ ara igi, igbà á le gbagidi, ọwọ́ méjèèjì á sì ṣófo fún àáké. Bí ó bá fẹ́ gòkè sí i, á sún mọ́ igi kí igbà lè dẹ̀, á jù ú sókè, lẹ́yìn náà ni yóò gbẹ́sẹ̀. Àwọn agégi Yúróòpù àti Amẹ́ríkà òde òní ń lo irú rẹ̀. Irin ìkọ́ àti ìgbànú ni wọ́n fi kún un.

Okùn kejì kì í ṣe ti ènìyàn. Bí ẹ̀ka ńlá bá yọ sórí páànù ilé, a ó so okùn mọ́ ọn kí a tó gé e, a ó gbé okùn náà gba pàlàkà tó wà lókè, àwọn tó wà nílẹ̀ á sì yí i po ìdí igi mìíràn lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìyípo yẹn ló ń gba ìwúwo. Ẹni tó bá fi ọwọ́ lásán dì í mú, okùn á bó o lọ́wọ́.

Ẹ wo ibi tí igbà ti fẹ́lẹ́ lápá òsì: ibẹ̀ ni akọ̀pẹ gidi ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí bí igbà bá já, òun náà á já bọ́. Nínú ìwé ìtàn àròsọ òǹkọ̀wé Amos Tutuola tó jáde ní 1952, ikú adẹ́mu tó já bọ́ lórí ọ̀pẹ ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo wàhálà.