Yíyan Ètò Aṣàkóso Olómìnira fún Kọ̀ǹpútà Ẹni

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft parí ìtọ́jú tí ó ń ṣe fún Windows 10. Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀ kì í sì í gba ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí ọjọ́ wọn ti pẹ́ díẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Olùkọ́ tàbí olùṣèwádìí tí ó ń fi irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kọ èdè Yorùbá-Nàgó sílẹ̀, ìbáà ṣe ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́, ní láti wá ọ̀nà mìíràn. Àwọn ètò aṣàkóso olómìnira jẹ́ ọ̀nà kan. Ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀. Èwo ni kí a mú?

1. Kí ni à ń pè ní ètò aṣàkóso olómìnira?

Ètò aṣàkóso ni ó ń darí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà láti ìgbà tí a bá ti tàn án. Òun ni ó ń gba ohun tí a tẹ̀, tí ó ń tọ́jú ìwé wa, tí ó sì ń fi lẹ́tà hàn lójú ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ náà "olómìnira" fẹ́ àlàyé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "free", ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ohun tí kò gba owó àti fún ohun tí kò sí lábẹ́ ìdè. Èdè Faransé ya "libre" sọ́tọ̀ kúrò lára "gratuit". Èdè tiwa náà ya òmìnira sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀fẹ́. Òmìnira ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí níhìn-ín. Ó pín sí ẹ̀tọ́ mẹ́rin: láti lo ètò náà fún ohunkóhun tí ó wù wá, láti yẹ inú rẹ̀ wò, láti pín in fún ẹlòmíràn, àti láti tún un ṣe. Richard Stallman ni ó kéde iṣẹ́ GNU lórí ìpìlẹ̀ yìí ní ọdún 1983. Ní ọdún 1991, Linus Torvalds, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki nígbà náà, gbé Linux jáde. Àkópọ̀ iṣẹ́ méjèèjì ni ó di ìpìlẹ̀ púpọ̀ nínú àwọn ètò tí a ó dárúkọ.

2. Àwọn ètò tí ó wà

(a) Debian bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993. Ẹgbẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ni ó ń ṣe é, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ oníṣòwò. Ẹ̀dà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gba ìtọ́jú fún nǹkan bí ọdún 5.

(b) Ubuntu jáde ní ọdún 2004 láti ara Debian. Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ni ó dá a sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ èdè Súlù àti Kósà tí ó ń tọ́ka sí ìwà ènìyàn sí ẹnìkejì rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ọdún méjì-méjì ni ẹ̀dà ọlọ́jọ́ pípẹ́ rẹ̀ ń jáde, tí ó sì ń gba ìtọ́jú fún ọdún 5.

(d) Linux Mint, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006, dúró lórí Ubuntu. Ojú rẹ̀ kò ṣe àjèjì sí ẹni tí Windows ti mọ́ lára.

(e) Fedora máa ń tètè gba ohun tuntun. Ṣùgbọ́n nǹkan bí oṣù 13 péré ni ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ń lò kí ìtọ́jú rẹ̀ tó tán.

(ẹ) FreeBSD, tí òun náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993, kò lo Linux rárá; ìran Unix ti Yunifásítì Berkeley ni. Ó lágbára, ṣùgbọ́n ó ń béèrè ìmọ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí yóò fi sórí kọ̀ǹpútà ilé.

3. Ètò wo ni ó gba àkọtọ́ wa?

Ìbéèrè yìí ni ó ká wa lára jù. Lẹ́tà ɛ àti ɔ ni àkọtọ́ Benin ń lò, níbi tí ti Nàìjíríà ń lo ẹ àti ọ, èyí tí a fi tẹ àpilẹ̀kọ yìí. Nínú Unicode, ɛ tí ó ní àmì ohùn lórí kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo: lẹ́tà ni a kọ́kọ́ ń tẹ̀, kí àmì tó tẹ̀lé e. Nítorí náà, fọ́ǹtì ní láti mọ bí a ti ń gbé àmì ka orí lẹ́tà. Charis SIL àti Gentium mọ̀ ọ́n ṣe, àwọn méjèèjì sì jẹ́ olómìnira.

Ní ti pátákó ìtẹ̀wé, orísun kan náà ni gbogbo ètò tí a dárúkọ ti ń mú un. Ètò ìtẹ̀wé Yorùbá wà nínú rẹ̀ lábẹ́ Nàìjíríà. Ti Ewé, tí ó ní ɛ àti ɔ, wà lábẹ́ Gánà. Bí kò bá sí èyí tí ó tẹ́ wa lọ́rùn, fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n: a lè ṣí i, kí a kọ tiwa sí i, kí a sì pín in fún ẹlẹgbẹ́ wa. Níhìn-ín ni òmìnira ti yàtọ̀ sí ọ̀fẹ́.

4. Kí ni yóò wá tọ́ wa sọ́nà?

Bí gbogbo wọn bá lè kọ èdè wa, ohun mẹ́ta ni ó kù tí a ó wò.

Èkíní ni agbára kọ̀ǹpútà. Bí ìrántí rẹ̀ kò bá ju gígábáìtì 2 lọ, Debian pẹ̀lú ojú-iṣẹ́ fífúyẹ́ bíi Xfce ni ó yẹ ẹ́. Bí ó bá tó 4, Mint yóò rọrùn.

Èkejì ni bí ìtọ́jú yóò ti pẹ́ tó. Níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti wọ́n, kò yẹ kí a máa pààrọ̀ ètò lọ́dọọdún. Ìdí nìyí tí a kò fi gba olùbẹ̀rẹ̀ níyànjú láti mú Fedora.

Ẹ̀kẹta ni olùrànlọ́wọ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà: bí ẹnìkan nítòsí bá ti mọ Ubuntu, Ubuntu ni kí a mú.

Kí a tó pinnu, a lè gbé ètò náà sórí clé USB, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní filáàṣì, kí a sì dán an wò láìfọwọ́ kan ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà. Bí a bá sì fẹ́ fi sí i pátápátá, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ da gbogbo ìwé wa sí ibòmíràn, nítorí pé ètò tuntun lè nù wọ́n nù.

Ẹni tí ó bá yàn tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn kò pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé tí a fi LibreOffice kọ, tí a sì fi lẹ́tà Unicode tẹ̀, yóò ṣí lórí gbogbo wọn pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Ohun tí ó ń sọ ìwé ẹni nù ni fọ́ǹtì àdábọwọ́, tí ó ń fi ɛ bo lẹ́tà mìíràn mọ́lẹ̀: bí a bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ dé orí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, kò ní ṣeé kà mọ́. Ẹ yẹra fún un, ètò yòówù tí ẹ lè yàn.