Ṣé Yorùbá Ni Kò Jẹ́ Kọ́mọ Yín Mọ̀wé Kà?

Ìbéèrè kan wà tí ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ wà ní Ìlú Ọba níbí máa ń bi mí ṣáá: "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi ò tètè mọ̀wé kà. Ṣé kí n má sọ Yorùbá sí i mọ́ ni?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Èmi alára ṣe é rí. Wọ́n ní kí n máa sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan sí ọmọkùnrin mi, mo sì gbà. Màmá mi tó máa ń pa àlọ́ fún un lórí fóònù wá dákẹ́, torí Gẹ̀ẹ́sì wọn ò tó àlọ́ pa. Ó tó ọdún kan gbáko. Àṣé omi ló dúró sẹ́yìn ìlù etí ọmọ náà, kò gbọ́ràn ketekete. Nọ́ọ̀sì ni mí o, mi ò sì fura!

Kí ló wá yẹ ká máa ṣọ́?

Àkọ́kọ́, ìdílé. Dyslexia máa ń rin ìdílé. Ẹni tí wọ́n ń pè ní olódo nílé yín nígbà kan lè jẹ́ pé òun ló ní in. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè.

Èkejì, ọ̀rọ̀ sísọ. Bí ọmọ bá pé ọdún méjì tí kò tíì máa so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, ẹ sọ fún health visitor. Ẹ ka ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ mọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì o.

Ẹ̀kẹta, etí. Wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò nígbà tẹ́ ẹ bí i, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi yìí lè dé lẹ́yìn náà. Tó bá ń yí tẹlifíṣọ̀n sókè, tó ń wí pé "hẹ̀n?" ṣáá, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ GP.

Ẹ̀kẹrin, ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé ká tó bí i. Ẹ fojú sí i dáadáa.

Kò sí èyí tó jẹ́ ìdájọ́ nínú wọn. Ohun tó ń dáàbò bo ọmọ wà lọ́wọ́ wa. Kí ọmọ tó lè kàwé, etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè tú ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́. Ẹ jẹ́ kó pàtẹ́wọ́ sí orúkọ rẹ̀: A-dé-bá-yọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ bi í pé kí ló bẹ̀rẹ̀ bíi "bàtà"? Bàbá! Etí tó mọ èyí ní Yorùbá á rí i lò ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ pàlọ́, ẹ kọrin, ẹ jọ máa wo ìwé alájàá, ẹ máa bi í ní ìbéèrè. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń yáni níwèé ní láíbìrì.

Níbi England, oṣù kẹfà Year 1 ni wọ́n ń dán ọmọ wò lórí phonics. Ẹ má dúró dìgbà yẹn. Tí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ ní ẹ fẹ́ rí SENCO iléèwé rẹ̀.

Omi etí ọmọ mi ti gbẹ. Màmá mi sì ti padà sórí fóònù: "Ààlọ́ o!" Ẹ gbọ́ bó ṣe ń pariwo "Ààlọ̀!"

Ẹ fi fídíò yìí ránṣẹ́ sí ìyá ọmọ kan. Ó dàbọ̀ o.