‘Dì’ Nínú Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì: Bí Mólékù Ṣe Ń Kóra Wọn Jọ Di Jẹ́ẹ̀lì

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni a ń lò fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun olómi tí ó bá ṣíwọ́ ṣíṣàn. Omi a máa dì, epo a máa dì nígbà ọyẹ́, ẹ̀jẹ̀ a máa dì lójú ọgbẹ́, ẹ̀kọ náà a sì máa dì nínú ewé. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, kò sí àbùkù nínú èyí. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì yóò bá ìṣòro pàdé níbẹ̀, nítorí pé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú omi dídì yàtọ̀ gédégédé sí ti ẹ̀kọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá rí àlàyé gbà yóò rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Mólékù ni ẹyọ tí ó kéré jù lọ tí a lè pín omi tàbí ṣúgà sí tí yóò ṣì máa jẹ́ omi tàbí ṣúgà. Bí omi bá dì, mólékù omi fúnra wọn ni wọ́n tò, tí wọ́n sì dúró gbọn-in sí ààyè wọn. Nínú ẹ̀kọ, omi kò di líle rárá. Ooru tí a fi ro ògì ni ó tú àwọn mólékù gígùn inú sítáàṣì àgbàdo sílẹ̀ sínú omi. Bí ẹ̀kọ ṣe ń tutù, àwọn mólékù wọ̀nyí ń fà mọ́ ara wọn níhìn-ín lọ́hùn-ún títí wọn yóò fi dà bí àwọ̀n, omi a sì há sójú àwọ̀n náà. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀kọ sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì yóò rí omi tí ó ń sun jáde lára rẹ̀. Omi tí ó há ni. Irú ohun báyìí, olómi tí àwọ̀n tín-ín-rín gbé dúró, ni àwọn onímọ̀ ń pè ní jẹ́ẹ̀lì.

Ẹ̀kọ ní mólékù gígùn tí ó lè fi hun àwọ̀n. Èyí tí ó yani lẹ́nu ju bẹ́ẹ̀ lọ ni jẹ́ẹ̀lì tí kò ní okùn kankan ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ara èso lárà ni a ti rí àpẹẹrẹ kan. Bí a bá fi háídrójìn ṣiṣẹ́ lórí òróró èso yìí, a lè rí ásíìdì kan mú jáde lára rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ 12-hydroxystearic acid. Mólékù rẹ̀ kúrú: átọ́mù kábọ̀n 18 péré ni ó tò tẹ̀lé ara wọn. Síbẹ̀, bí a bá yọ́ ìwọ̀n 1 rẹ̀ sínú nǹkan bí ìwọ̀n 100 òróró gbígbóná, tí a sì jẹ́ kí ó tutù, gbogbo òróró náà lè dì tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi da ìgò rẹ̀ dojú dé tí kò ní ṣàn. Ohun tí ó fà á ni pé átọ́mù ọ́síjìn kan àti háídrójìn kan so mọ́ kábọ̀n kejìlá, àwọn ni ó sì dà bí ọwọ́ tí mólékù kọ̀ọ̀kan fi ń di èkejì mú. Ọ̀kan di èkejì mú, èkejì di ẹ̀kẹta mú, títí wọn yóò fi di fọ́nrán gígùn tí ó lọ́ bí okùn. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sín, síbẹ̀ tí ó tò gbọọrọ, ni a lè fi wọ́n wé. Mólékù yìí tilẹ̀ ní ẹ̀yà méjì, bí ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì. Bí a bá po ẹ̀yà méjèèjì pọ̀ ní ọgbọọgba, pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ni wọn yóò jáde dípò fọ́nrán, jẹ́ẹ̀lì náà kò sì ní dára. Iyọ̀ lithium tí a ń ṣe láti ara ásíìdì yìí kan náà ni ó ń mú òróró dì di gírísì tí àwọn mẹkáníìkì ń fi sí àgbá ẹsẹ̀ ọkọ̀.

Ìdìmú tí à ń wí yìí kò lágbára rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ó so àwọn átọ́mù inú mólékù kan pọ̀. Jean-Marie Lehn, ará ilẹ̀ Faransé, ni ó fún ẹ̀kọ́ nípa irú ìdìmú báyìí ní orúkọ ní 1978. Òun, Donald Cram àti Charles Pedersen sì jọ gba Ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ wọn lórí rẹ̀ ní 1987. Òwe ‘àgbájọ ọwọ́’ bá ọ̀rọ̀ náà mu dé ìwọ̀n kan. Ti òṣùṣù ọwọ̀ kò bá a mu tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹnìkan ní láti di ọwọ̀. Àwọn mólékù yìí kò ní ẹni tí ń dì wọ́n. Nítorí pé ìdìmú wọn fúyẹ́, bí a bá tún gbé jẹ́ẹ̀lì òróró náà kaná, yóò yọ́. Bí ó bá tutù, yóò tún dì. Ẹyin tí a ti sè kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwọn onímọ̀ èdè. ‘Dì’ tí ó jẹ́ kí olómi ki, àti ‘dì’ tí ó jẹ́ kí a so ẹrù, ohùn kan náà ni wọ́n ní. Nínú jẹ́ẹ̀lì, ìtumọ̀ méjèèjì pàdé: olómi dì nítorí pé mólékù di ara wọn. Kò sí ìdí tí a ó fi pa ọ̀rọ̀ náà tì nítorí àyálò. Ohun tí ó tọ́ ni kí ìwé ẹ̀kọ́ sọ ohun tí ó dì gan-an: ṣé olómi náà ni, tàbí àwọ̀n tí ó há a mọ́?

Ti ẹ̀jẹ̀ ni ó ṣòro jù láti pín. Lójú ọgbẹ́, ẹyọ fíbírìn ń kóra jọ di fọ́nrán pẹ̀lú ìdìmú fúyẹ́ bíi ti mólékù èso lárà, fọ́nrán a di àwọ̀n, àwọ̀n a há ẹ̀jẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn èyí ni ara yóò wá ta kókó tí ó le sí àwọ̀n náà, kókó tí ooru lásán kò lè tú. Ìdìpọ̀ ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́nà ti òróró inú ìgò, ó sì parí lọ́nà tí kò fi ní yọ́ mọ́.