Ta Ló Gbé Ọ̀rọ̀ Náà Kọjá?

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, owó orí tuntun kan bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ìjọba Ààrẹ Patrice Talon ti fọwọ́ sí i láti oṣù Keje: fáránkì sẹ́fà 5 lórí mẹ́gábáìtì kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn bá ná sórí Facebook, WhatsApp, Twitter àti irú wọn. Fídíò kékeré tó bá jẹ mẹ́gábáìtì mẹ́wàá, fáránkì 50 ti bá a lọ nìyẹn, láìka owó dátà fúnra rẹ̀. Àwọn ènìyàn kò gbà. Wọ́n kó ohùn jọ sábẹ́ àmì kan, #TaxePasMesMo, pé kí ìjọba má gba owó orí lórí mẹ́gá àwọn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 22 oṣù kan náà, ìjọba ti kéde pé òun fagi lé e.

Bí ẹ bá béèrè ẹni tó ṣe é, wọn á ní àwọn ọ̀dọ́ ni. Ìdáhùn yẹn kò tó. Àwọn ọ̀dọ́ wo? Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ta ló gbà á lẹ́nu rẹ̀, ta ló gbé e kúrò láàárín àwọn ọmọ Kútọnu tí wọ́n mọ ara wọn dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí? Ìṣirò kan wà tí wọ́n fi ń wá ìdáhùn sí irú ìbéèrè báyìí. Láti Adakplamè ni mo fẹ́ ti ṣàlàyé rẹ̀, ọ̀kan nínú agbègbè mẹ́fà tó wà lábẹ́ Kétu ní Bẹ̀nẹ̀, nítorí pé ibi tí ìṣirò náà ti wúlò jù ni irú ìlú bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti máa ń ṣìnà jù.

Ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà kò le. Ẹ fi àmì róbótó dúró fún ènìyàn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fa ìlà láàárín ẹni méjì tí nǹkan bá so pọ̀. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ. Ṣé ọ̀rẹ́ ni wọ́n lórí Facebook? Ṣé ọ̀kan pín ọ̀rọ̀ èkejì ni, àbí ó fèsì sí i? Àwòrán mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò jáde lára àwọn ènìyàn kan náà, nítorí ẹni tí a ti jọ ń ṣọ̀rẹ́ láti ọdún mẹ́wàá lè má tíì pín ọ̀rọ̀ mi rí. Ìlà náà sì lè ní ọfà lórí: bí mo bá pín ọ̀rọ̀ olórin kan, ìyẹn kò sọ pé olórin náà mọ̀ mí. Iṣẹ́ yìí ti wà ṣáájú ayélujára. Jacob Moreno, oníṣègùn ọpọlọ kan ní Amẹ́ríkà, ti tẹ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ní 1934, ó fi ẹni tí àwọn ọmọ iléèwé fẹ́ràn láti jókòó tì hàn.

Ẹ jẹ́ ká fi ènìyàn mẹ́sàn-án dán an wò. Àpẹẹrẹ lásán ni. Àgbẹ̀ mẹ́rin wà ní Adakplamè, gbogbo wọn ló ń pe ara wọn lórí fóònù. Ìyá alágbàdo mẹ́rin wà ní ọjà Kétu, àwọn náà ń pe ara wọn. Ọlọ́kadà kan wà láàárín, zémidjan tó ń gbé ẹrù lọ, tó ń gbé ẹrù bọ̀. Ó mọ àgbẹ̀ kan lọ́hùn-ún, ó mọ alágbàdo kan níhìn-ín, kò mọ ẹlòmíràn nínú wọn. Bí a bá ka ìlà, òun ló ní èyí tó kéré jù: méjì péré. Àwọn tó kù ní mẹ́ta-mẹ́ta, àfi àwọn méjì tó mọ̀ ọ́n, tí wọ́n ní mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹni tó bá ń wo iye ọ̀rẹ́ nìkan kò ní ka ọkùnrin yìí sí.

Ẹ wá kà á lọ́nà kejì. Bí a bá mú ènìyàn mẹ́sàn-án yìí ní méjì-méjì, ọ̀nà 36 ni a lè gbà mú wọn. Nínú 36 yìí, mélòó ni ọ̀rọ̀ kò lè dé láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì àfi kó gba ọ̀dọ̀ ọlọ́kadà? Àgbẹ̀ mẹ́rin lọ́nà alágbàdo mẹ́rin: 16. Àgbẹ̀ tó mọ̀ ọ́n ní 15, alágbàdo tó mọ̀ ọ́n ní 15. Àwọn mẹ́fà tó kù, òdo. Ẹni tí ìlà rẹ̀ kéré jù ló di ẹni tí ọ̀rọ̀ ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ jù. Bí iye owó àgbàdo bá yí padà ní Kétu, tí fóònù ọlọ́kadà bá kú lọ́jọ́ náà, Adakplamè kò ní gbọ́.

Ní 1973, Mark Granovetter, onímọ̀ àwùjọ ní Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan tí wọ́n ṣì ń kà títí dòní. Ó bi àwọn tí ojúlùmọ̀ bá wá iṣẹ́ rí pé ẹ̀ẹ̀mélòó ni wọ́n máa ń rí ojúlùmọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ jù lọ kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́. Ẹni tí wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni. Ohun tí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ yín mọ̀ ni ẹ̀yin náà mọ̀, ẹni tó ń ti ibòmíràn bọ̀ ló ń mú tuntun wá. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé iye àwọn tó ń tẹ̀ lé ènìyàn lórí ìkànnì ni òṣùwọ̀n tó burú jù nínú gbogbo òṣùwọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni àwọn olóṣèlú àti àwọn ilé iṣẹ́ ń sanwó lé lórí.

Kọ̀ǹpútà tún máa ń pín àwòrán náà sí agbo-agbo. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń lò ni èyí tí Vincent Blondel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2008, èyí tí wọ́n fi orúkọ yunifásítì Louvain ní Bẹ́ljíọ̀mù pè. Ẹnì kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agbo tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà á mú un lọ sínú agbo aládùúgbò rẹ̀ bí ìyẹn bá mú kí ìlà inú agbo pọ̀ ju èyí tí èèṣì nìkan lè fún wọn lọ. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá kúrò lójú kan mọ́, á sọ agbo kọ̀ọ̀kan di àmì kan ṣoṣo, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Bí a bá fún un ní ènìyàn mẹ́sàn-án wa, á rí agbo àgbẹ̀, á rí agbo alágbàdo. Ọlọ́kadà ńkọ́? Ó lè kó o mọ́ àgbẹ̀ lónìí, kó sì kó o mọ́ alágbàdo bí a bá tún un ṣe lọ́la, nítorí kò sí ohun tó fà á sí apá kan ju èkejì lọ. Ẹ rántí èyí nígbà tí wọ́n bá gbé àwòrán aláwọ̀ mèremère wá fún yín, tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ẹgbẹ́ lórí.

Ṣùgbọ́n kí a tó fa ìlà kankan, a gbọ́dọ̀ kó ọ̀rọ̀ jọ, ibẹ̀ sì ni wàhálà pọ̀ sí. Ẹ wo orúkọ ìlú náà nìkan. Ẹnì kan á tẹ Adakplamè, òmíràn Adakplamé, ẹlòmíràn Adakplame láìsí àmì. Ìlú mẹ́ta ni lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ tẹ Ketu, ẹ óò kó ọ̀rọ̀ sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ní Ketu ti Èkó, nítòsí Mile 12, mọ́ ti ìlú Alákétu. Èyí tí àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ sì kọ ní Kétou lọ́nà Faransé kò ní wọlé. Àkọtọ́ Yorùbá ti Bẹ̀nẹ̀ ní kp, ɛ àti ɔ, ti Nàìjíríà ní p, ẹ àti ọ. Ẹ fi kún un pé Nàgó, Fọn, Mahi àti Faransé lè wà nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Ẹni tó gbọ́ èdè náà á tún gbogbo èyí ṣe pẹ̀lú sùúrù. Ẹni tí kò gbọ́ ọ á dà á nù, á ní ìdọ̀tí ni.

Ààlà tún ń ba ìṣirò jẹ́. Àwọn ará Kétu ní ẹbí ní Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà, wọ́n ní ọmọ l'Ékòó. Bí olùwádìí bá sọ níbẹ̀rẹ̀ pé kí wọ́n kó ti Bẹ̀nẹ̀ nìkan, ó ti gé àwọn ìlà wọ̀nyẹn kó tó ka ẹyọ kan.

Ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ rọrùn láti kó mọ́. Twitter ti ilẹ̀kùn ọ̀fẹ́ rẹ̀ mọ́ àwọn olùwádìí ní 2023. CrowdTangle, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wo ojú ìwé gbangba lórí Facebook, Meta tó ni Facebook pa á tì ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2024. WhatsApp ní tirẹ̀, títì pa ni: ohùn tí àgbẹ̀ gbà sílẹ̀ tó sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀, ẹlòmíràn kò lè gbọ́ ọ. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ń gbà.

Nígbà mìíràn, òfo ni dátà ń fi hàn, òfo náà á sì purọ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2019, ọjọ́ ìdìbò sílé aṣòfin, wọ́n ti ayélujára pa ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹni tó bá ń ka iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ lọ́jọ́ náà láìmọ èyí lè sọ pé ìbò náà kò kan àwọn ènìyàn.

Ibi tí ìṣirò yìí ti já fáfá ni wíwá ẹni tó ń díbọ́n. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, Facebook yọ àkáǹtì, ojú ìwé, ẹgbẹ́ àti irú wọn 265 kúrò, ó ní ilé iṣẹ́ Archimedes Group ní Ísírẹ́lì ló wà nídìí wọn. Wọ́n ń ṣe bí ọmọ ìlú ní Nàìjíríà, Tógò, Sẹ̀nẹ̀gà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, wọ́n ń kọ̀wé lórí ìdìbò, àkáǹtì bíi 2,800,000 sì ń tẹ̀ lé àwọn ojú ìwé wọn. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lè dà bí ọ̀rọ̀ ẹni gidi. Àwòrán ló ń tú irú wọn fó: àkáǹtì tó pọ̀ tó ń sọ gbólóhùn kan náà láàárín ìṣẹ́jú kan náà, tó ń pín ti ara wọn nìkan, tí kò ní ẹbí, tí kò ní ará àdúgbò. Ènìyàn gidi máa ń ní ìlà tó lọ sí ibi tí kò kan ọ̀rọ̀ òṣèlú.

Ìlà yìí kan náà ló ń tú àṣírí ẹni. Nínú ọ̀ràn ilé iṣẹ́ Cambridge Analytica tó tú síta ní 2018, àwọn bí 270,000 ló fọwọ́ ara wọn gba ètò ìdánwò kan láyè lórí Facebook. Nípasẹ̀ ọ̀rẹ́ wọn, ó kó ọ̀rọ̀ àwọn tó tó mílíọ̀nù 87. Bẹ̀nẹ̀ ní òfin lórí èyí, Code du numérique ti ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2018, àti àjọ APDP tó ń bójú tó dátà ara ẹni. Ṣùgbọ́n òfin tó ní kí a yọ orúkọ kúrò kò dáàbò bo ìlú kékeré tó. Bí mo bá kọ “agbẹ̀bí kan ní abúlé kan lábẹ́ Adakplamè,” tí agbẹ̀bí ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, mo ti dárúkọ rẹ̀. Ó yẹ kí a kó irú àwọn bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ iye gbogbo Kétu, kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp kí a tó ka ohunkóhun, kì í ṣe lọ́wọ́ alága nìkan. Bí àwòrán bá sì ti ṣetán, Adakplamè ni kó kọ́kọ́ rí i. Àwọn ni yóò lè sọ fún olùwádìí pé ìlà tó pè ní òwò yìí, àna ni.